Kòńténà Tí Kò Mọ Èkó

Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó bi mí, nítorí àwọn tó bá rí mi pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù lórí orúnkún máa ń bi mí pé yunifásítì wo ni mo lọ, àfi bí ẹni pé ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń pín ọpọlọ. Ìwé mẹ́fà, nílé ẹ̀kọ́ tí òrùlé rẹ̀ ń jò sí wa lọ́rùn. Lẹ́yìn náà, mo ń tún rédíò ṣe. Nígbà tí rédíò kò mówó wọlé mọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ya fídíò. Nígbà tí ayé yí sí íńtánẹ́ẹ̀tì, èmi náà yí sí i, mi ò dúró gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnì kankan. Lónìí, láti Ẹ̀gbẹ́dá títí dé Ìkòtún, tí ẹbí kan bá fẹ́ kí àwọn ọmọ wọn tó wà lókè òkun wo ìsìnkú tàbí ìkómọ bó ṣe ń lọ lọ́wọ́, èmi ni wọ́n máa pè. Àwọn kan wà tí wọ́n ń gbé fóònù kọ́ orí igi, tí wọ́n ń pe ara wọn ní akẹgbẹ́ mi. Mi ò bá wọn jà. Eṣinṣin náà ń fò, ẹyẹ ò bá a bínú.

Ohun tó fi mí ṣe ọ̀gá wọn ni pé mo ní sáìtì tèmi, èmi fúnra mi ni mo sì kọ́ ọ, mo ń ṣe é mo ń bà á jẹ́, títí ó fi dúró. Ẹbí kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé tirẹ̀ níbẹ̀: àwòrán ẹni tí à ń ṣe nítorí rẹ̀, orúkọ rẹ̀, àti ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn yẹn ni mo fi ń yangàn. Kí àkókò tó tó, àwòrán nìkan ni ẹni tó bá wọlé máa rí. Tí aago bá lù, ilẹ̀kùn á ṣí fúnra rẹ̀, fídíò á bẹ̀rẹ̀. Kò sí pé ẹnì kan láti òkè òkun ń wo ibi tí wọ́n ti ń to àga, tàbí ibi tí ìyá ìyàwó ti ń bá ẹni tó gbé omi tútù pẹ́ jà.

Inú ohun tí wọ́n ń pè ní kòńténà ni ojú ewé kọ̀ọ̀kan ń gbé. Ẹ̀yin ará Alímọ̀ṣọ́, ẹ mọ kòńténà. Ẹ wo ẹ̀bá títì láti Ẹ̀gbẹ́dá lọ sí Ìdímù: irin kan náà ni gbogbo wọn, bákan náà ni wọ́n rí, àmọ́ télọ̀ wà nínú ọ̀kan, ẹni tó ń gẹrun wà nínú èkejì, ṣọ́ọ̀bù tèmi gan-an wà nínú ọ̀kan. Pátákó ẹnu ọ̀nà ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ti inú ẹ̀rọ rí bẹ́ẹ̀ jàre. Àpótí kan ṣoṣo ni mo kàn, mo sì kàn án dáadáa. Tí iṣẹ́ tuntun bá dé, mi ò ní tú àpótí náà palẹ̀. Màá kàn bí ọ̀kan bíi tirẹ̀, màá sì sọ̀rọ̀ sí i létí bó ṣe ń jí: orúkọ olóògbé rèé, àwòrán rẹ̀ rèé, aago tí wàá ṣílẹ̀kùn rèé. Àwọn oníwèé ní orúkọ gígùn kan fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi ń pè é ní ọ̀rọ̀ etí, nítorí ó jọ ìrun tí àwọn alfa máa ń pè sí ọmọ tuntun létí. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni, nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé. Kòńténà tó bá ti jí, etí rẹ̀ ti di. O lè yí ọ̀rọ̀ náà padà nínú fáìlì títí ilẹ̀ á fi ṣú, o lè mú un sùn kó tún jí, ohun tó gbọ́ lọ́jọ́ ìbí rẹ̀ náà ló máa dì mú. Tí o bá fẹ́ kó gbọ́ tuntun, pa á, kí o bí òmíràn.

Ọ̀rọ̀ aago tún wá wà níbẹ̀. Kò pẹ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí tí mo fi rí i pé aago inú kòńténà fi wákàtí kan rẹ̀yìn sí tiwa. Aago òyìnbó ló ń lò. Tí tiwa bá lu mẹ́wàá, òun á ní mẹ́sàn-án ni. Ẹlòmíràn ìbá ti sáré lọ tún un ṣe. Èmi wo àwọn oníbàárà mi láti òkè délẹ̀, mo rẹ́rìn-ín, mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ n bi yín, ìgbà wo lẹ rí ìwé ìpè tó ní aago mẹ́sàn-án tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ní mẹ́sàn-án? Ẹni tó kọ ọ́ mọ̀ pé irọ́ lòun ń pa. Ẹni tó kà á mọ̀ pé irọ́ ni wọ́n pa fóun. Wọ́n á wá jọ máa bọ̀wọ̀ fún irọ́ náà bí ẹni ń bọ̀wọ̀ fún àgbà. Mo ya ìkórè ìjọ aláṣọ funfun kan ní Ìgándò tí wọ́n kọ aago mẹ́sàn-án sára pátákó gàdàgbà. Nígbà tí mo débẹ̀ ní mẹ́sàn-án, ewúrẹ́ kan ló ń jẹ òdòdó lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn arákùnrin ṣì ń lọ sùtánà nílé. Mẹ́wàá ni wọ́n kọ orin àkọ́kọ́, mẹ́wàá gan-an náà ni ilẹ̀kùn mi ṣí, nítorí lójú kòńténà, mẹ́sàn-án ló ṣẹ̀ṣẹ̀ lù. Bàbá ìjọ kan wá dì mọ́ mi lẹ́yìn ìsìn, ó ní ẹ̀mí ń bẹ nínú ẹ̀rọ mi. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Kí ni ǹ bá tún sọ? Pé ẹ̀rọ tó rẹ̀yìn ló bá àwọn tó rẹ̀yìn pàdé? Wákàtí tí gbogbo wọn sọ nù yẹn ni mo fi ń jẹun, ó sì pẹ́ tí mo fi jẹ ẹ́.

Ó wá di ọjọ́ tí bàbá kan kú ní Ìdímù. Mùsùlùmí ni, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti pẹ́ l'Ékòó, iṣẹ́ bíríkìlà ló ṣe dàgbà. Òwúrọ̀ ló kú. Ẹ mọ bí tàwọn ṣe rí: kò sí mọ́ṣúárì, kò sí pé à ń yan ọjọ́, kò sí pé à ń dúró de aṣọ lọ́dọ̀ télọ̀. Ọjọ́ náà ni wọ́n máa gbé e sin. Wọ́n ní tí wọ́n bá ti kí Àílà tán, ní aago méjì ọ̀sán, àwọn máa kírun sí i lára.

Àkọ́bí rẹ̀ ló pè mí sí iṣẹ́ náà. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Kọngílá ni, Alhaji sì ni. Irú ọkùnrin tó jẹ́ pé tó bá dé ẹnu ọ̀nà ibi àpèjẹ, á dúró máa tún agbádá gbé sọ́rùn títí gbogbo ojú á fi dé ara rẹ̀, kó tó wọlé. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n lórí fóònù. Ó ní òun fẹ́ kí gbogbo ẹbí tó wà lókè òkun wò ó, àmọ́ kí ilẹ̀kùn ṣí ní aago mẹ́ta.

Mo ní, "Alhaji, méjì ni mo gbọ́ pé wọ́n máa kírun."

"Ta ló ni òkú? Kò sóhun tó máa bẹ̀rẹ̀ kí n tó dé. Mò ń dúró de àwọn ọ̀rẹ́ mi nínú ọkọ̀ ní Ìyànà Ìpájà, ká jọ tò wọlé. Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa wo àgbàlá tó ṣófo."

Òkú bàbá rẹ̀ wà nínú ilé tí wọ́n ń wẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ọkùnrin yìí ń pe ibẹ̀ ní àgbàlá tó ṣófo. Mo ní mo ti gbọ́. Iṣẹ́ náà ò tilẹ̀ nira. Tí mo bá sọ aago méjì fún kòńténà bí wọ́n ṣe kéde rẹ̀, mẹ́ta aago tiwa ló máa ṣí. Aago onílọ̀ọ́ra ti ṣe ìfẹ́ onílọ̀ọ́ra kí n tó fọwọ́ kan nǹkan. Mo kọ ọ̀rọ̀ etí rẹ̀: ILEKUN=14:00. Mo bí i, mo fi líńkì ránṣẹ́ sí Alhaji kó pín in fún àwọn ènìyàn rẹ̀, mo gbé kámẹ́rà mi, mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó di Ìdímù.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń na ẹsẹ̀ kámẹ́rà nínú àgbàlá ni fóònù mi dún. Obìnrin ni. Ó ní ṣé èmi ni bọ̀ọ̀dá tó fẹ́ ya fídíò, ó ní mo kú iṣẹ́. Àbígbẹ̀yìn olóògbé ni. Òkè òkun ló wà, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́, ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò sì tíì pé: tó bá jáde níbẹ̀, kò ní lè padà wọlé. Òun ló máa ń pe bàbá náà lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, tí wọ́n á jọ sọ̀rọ̀ títí dátà á fi tán. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ti kọ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí pé mẹ́ta, àmọ́ àwọn obìnrin ilé sọ fún òun pé méjì ni ìrun. Èwo ni kí òun dì mú?

Mo ní mẹ́ta ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pàṣẹ.

Kò pariwo, àmọ́ mo gbọ́ ẹkún nínú ohùn rẹ̀. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́. Mi ò lè wá gbé Bàbá sínú ilẹ̀. Ìrun yẹn nìkan ló kù tí mo lè bá wọn ṣe. Tí ẹ bá ṣí i lẹ́yìn tí wọ́n ti kí i tán, ilẹ̀ pupa ni mo máa bá."

Mo ní kó má sọkún mọ́, kó jẹ́ kí n lọ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Mo sọ ọ́ bí ẹni ń lé ènìyàn lọ. N kì í ṣe ẹni tí ẹkún máa ń gbé. Ohun tó ká mi lára ni pé ọ̀kan nínú ọmọ bàbá yìí ń bẹ̀bẹ̀ láti òkè òkun kí òun lè dé lásìkò, èkejì sì jókòó sínú ọkọ̀ ní Ìyànà Ìpájà, níbi tí kò jìnnà rárá, ó ń ṣètò bí òun ṣe máa pẹ́.

Mo lọ bá Lèmọ́mù. Ó jókòó sórí àpótí kékeré, ó ń fi omi bútà ṣan ẹsẹ̀, bàbá tín-ín-rín kan báyìí. Mo ní àkọ́bí olóògbé ní kí wọ́n dúró de òun. Ó bi mí pé ibo ló wà. Mo ní ó wà ní Ìyànà Ìpájà, ó ń dúró de àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Lèmọ́mù ṣan ẹsẹ̀ kejì tán kó tó dáhùn. "Ẹni tó kú la fẹ́ kírun sí lára. Ẹni tó wà ní Ìyànà Ìpájà kò tíì kú."

Èmi tí kì í tètè gba ẹnikẹ́ni lọ́gàá, mo gba bàbá yẹn. Ọ̀rọ̀ ti parí. Méjì ni wọ́n máa kírun, ilẹ̀kùn mi sì máa wà ní títì títí di mẹ́ta, àfi tí mo bá ṣe nǹkan sí i. Owó Alhaji ni mò ń gbà lóòótọ́, àmọ́ kò tíì sí owó tó ń sọ fún mi pé kí n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ olókùú.

Mo jókòó sórí búlọ́ọ̀kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo ṣí láptọ́ọ̀pù. Mo ní ìlú ni màá sọ fún kòńténà yìí, kó lè mọ aago ibi tó wà. Mo fi ìlà kan kún ọ̀rọ̀ etí rẹ̀: TZ=Africa/Lagos. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń sọ fún ẹ̀rọ pé Èkó nìyí. Mo pa èyí tó wà, mo bí òmíràn. Kò tíì jí tán tí Alhaji fi pè. Òun náà ti wà lójú ewé níbi tó jókòó sí, ó ń wo àwòrán bàbá rẹ̀.

"Bàbá Fídíò, kí ló dé tó kú mọ́ mi lọ́wọ́?"

Mo ní, "Nẹ́tíwọ̀kì ni, Alhaji."

Ó ní òun náà rò bẹ́ẹ̀. Ní ìlú yìí, kò sí ohun tí o kò lè fi nẹ́tíwọ̀kì bò mọ́lẹ̀. Bí ilé bá wó, sọ pé nẹ́tíwọ̀kì ni, wọ́n á ní ẹ pẹ̀lẹ́.

Mo wo aago inú kòńténà tuntun. Ó ṣì fi wákàtí kan rẹ̀yìn.

Mo tún un wò. Ọ̀rọ̀ tí mo kọ wà níbẹ̀, lẹ́tà kan ò yẹ̀. Ìgbà náà ló yé mi. Àpótí tí mo kàn yẹn, tínrín ni mo kàn án, kó má baà jẹ dátà. Kò sí ìwé orúkọ àwọn ìlú ayé nínú rẹ̀. Mo ní Èkó, kò mọ Èkó. Kò jiyàn, kò bi mí pé ibo nìyẹn, ó kàn ní "ẹ̀hẹ́n" bí àlejò tí kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, ó sì ń bá aago òyìnbó rẹ̀ lọ. Ẹ gbọ́ ṣá. Ìlú tí ariwo rẹ̀ ń jí àwọn ará Ọ̀tà lójú oorun, ohun tó ń fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ iná wa kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Mo ti rí òpè tó pọ̀ láyé mi, wọ́n tilẹ̀ ti yan àwọn kan nínú wọn sípò, àmọ́ òpè tí kò mọ Èkó, òun ni mo rí gbẹ̀yìn.

Ká ní ààyè wà ni, ǹ bá tún àpótí náà kàn, ǹ bá kó ìwé àwọn ìlú sínú rẹ̀. Ààyè ò sí. Mo ń gbọ́ Lèmọ́mù nínú mọ́ṣáláṣí ẹ̀gbẹ́ ilé, wọ́n ti wà nínú Àílà, nẹ́tíwọ̀kì sì ń rìn bí aboyún. Mo wá bi ara mi pé kí ni mo ń bá òpè jiyàn ìlú sí. Èdè tí ìránṣẹ́ gbọ́ la fi ń rán an níṣẹ́. Tí méjì rẹ̀ bá jẹ́ mẹ́ta wa, ọ̀kan rẹ̀ ni méjì wa. Mo pa ìlà Èkó rẹ́, mo kọ ILEKUN=13:00. Mo tún pa á, mo tún bí òmíràn. Òbìrìkítí kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú ẹ̀rọ.

Wọ́n sálámà. Àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, wọ́n ń to ìlà sínú àgbàlá. Mẹ́rin nínú wọn gbé bàbá náà jáde nínú aṣọ funfun, wọ́n tẹ́ ẹ síwájú. Ó kéré sí bí mo ṣe rò pé bíríkìlà máa rí. Òbìrìkítí ń yí. Mo sáré dé ìdí kámẹ́rà, mo tún sáré padà. Fóònù mi dún, Alhaji ni, mi ò gbé e. Lèmọ́mù bọ́ síwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó ní kí ìlà kẹta sún mọ́ra.

Ojú ewé dé. Ilẹ̀kùn ti ṣí. Mo rí àgbàlá kan náà tí mo dúró sí nínú ẹ̀rọ mi, kékeré, gbogbo ẹ̀yìn funfun wọ̀nyẹn, Lèmọ́mù sì gbọ́wọ́ sókè, ó kí kábárà àkọ́kọ́.

Ìrun òkú kì í pẹ́. Kò sí ìtẹríba, kò sí ìforíkanlẹ̀. Kábárà mẹ́rin lórí ìdúró, ó tán. Ẹni tó bá tẹríba wo bàtà rẹ̀ ti pàdánù ìdá kan níbẹ̀. Wọ́n gbé bàbá náà, wọ́n lọ sẹ́yìn ilé, wọ́n gbé e sílẹ̀ nínú ilẹ̀, àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjì tó kù da iyẹ̀pẹ̀ lé e.

Ìgbà tí wọ́n ń fọ ọkọ́ la gbọ́ fèrè ọkọ̀. Alhaji dé, ọkọ̀ mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn, fìlà gíga lórí rẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Ó kọ́kọ́ tún agbádá gbé sọ́rùn. Lẹ́yìn náà ló rí ilẹ̀ tó ga.

Ó lọ bá Lèmọ́mù pé kí wọ́n tún ìrun náà kí, kí fídíò lè gbé e. Lèmọ́mù na ẹ̀kúnwọ́ iyẹ̀pẹ̀ kan sí i pé èyí ló kù fún un láti dà. Kò gbà á. Èmi ló wá yíjú sí tìbínú-tìbínú.

"Mẹ́ta ni mo ní. Ṣé ìwọ lo ni aago ni?"

Mo ní méjì ni Lèmọ́mù kírun, ilẹ̀kùn sì ṣí nígbà tó kírun.

Ó ní, "Ó dáa, ọwọ́ ẹ ni aago yẹn wà. Dá a padà. Dá a padà sí méjì, ká bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀."

Mo wojú rẹ̀ bóyá ó ń ṣàwàdà. Kò ṣàwàdà. Ọkùnrin tó ń gba iṣẹ́ afárá lọ́wọ́ ìjọba, ó gbà lóòótọ́ pé níwọ̀n bí ẹnì kan ti lè sọ aago fún ẹ̀rọ, ẹni náà lè sọ ọ́ fún ikú. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà ń wò mí, wọ́n ń dúró kí n tẹ nǹkan.

Mo ní, "Alhaji, ti inú kòńténà ni mo lè dá padà. Ti bàbá yín, mi ò ní pásíwọọ̀dù rẹ̀."

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wo ilẹ̀. Alhaji ní mi ò ní fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ fún àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Mo ní kò burú, kí òun ṣáà gbìyànjú kó débẹ̀ kí ọjọ́ kẹsàn-án tó pé. Mo ká ẹsẹ̀ kámẹ́rà mi, mo bá tèmi lọ.

Kòńténà méjì ni mo ń lò láti ọjọ́ náà. Mo kàn ọ̀kan nípọn, mo kó ìwé àwọn ìlú sínú rẹ̀, ó sì mọ Èkó bí ẹni tí wọ́n bí sí Ìsàlẹ̀ Èkó. Òun ni mo ń lò fún àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ lásìkò. Wọn ò pọ̀. Èkejì ṣì rẹ̀yìn bó ṣe wà, òun ni mo ń lò fún gbogbo ẹ̀yin yòókù, iṣẹ́ rẹ̀ sì pọ̀ jù.

Obìnrin yẹn pè mí nírọ̀lẹ́, mo ti wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní yàrá tí wọ́n ń kó aṣọ ibùsùn àwọn arúgbó sí ni òun sá wọ̀, òun gbé fóònù ti òkìtì aṣọ, òun dúró bí wọ́n ṣe dúró, òun sì bá wọn kí kábárà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bóyá ó bá ẹ̀sìn mu, bóyá kò bá a mu, kí àwọn alfa lọ bá ara wọn fà á. Ó ní òun wá ẹ̀gbọ́n òun nínú ìlà àkọ́kọ́, òun ò rí i. Ó ní ṣé ẹ̀yìn ni wọ́n tò ó sí?

Mo ní kò sí níbẹ̀.

Mo tún ní màá fi fídíò náà ránṣẹ́ sí i kó tọ́jú rẹ̀.

"Rárá, èmi ti wà níbẹ̀," ló wí. "Ẹ fi ránṣẹ́ sí Bọ̀ọ̀dá wa. Òun ni kò rí i."

Mo fi ránṣẹ́ sí Alhaji kí wọ́n tó pe Mọ̀gáríbì. Ẹ̀rọ mi fi hàn pé ó ṣí i, pé ó sì wò ó dé òpin.